Báàgì Gbọ́ràn-Gbọ́ràn tí Ọ̀gá Ní Ká Gbé Kúrò

Kì í ṣe pé mo gba ìpápánu gbọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fi mí ṣẹ̀sín. Èmi Peng Shao-ling, ọmọ ìlú Hsinchu, ọdún méje gbáko ni mo fi kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, mo sì mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ò létí. Àmọ́ kò sí lábù ìwádìí tí mo wọ̀ rí nílùú wa tí mi ò bá báàgì ìpápánu aláwọ̀ ewé kan nídìí ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Gbọ́ràn-Gbọ́ràn lorúkọ ìpápánu náà, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì nìyẹn. Aláwọ̀ ewé ló gbọ́dọ̀ jẹ́, torí iná àwọ̀ ewé ni ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ bá yá máa ń tàn. Kò gbọdọ̀ ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ebi ì báà máa pa á kú lọ. Mi ò gbà á gbọ́, mi ò sì gbé e kúrò rí. Ẹni tó bá fẹ́ torí ìyẹn bú mi, kó máa bú mi lọ.

Oṣù kẹfà lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún keje mi ló sì ń tán lọ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń wá oyè ọ̀mọ̀wé, ọdún méje ni wọ́n fún un. Tí oṣù keje ọdún keje bá fi parí tó ò tíì jókòó níwájú àwọn tó máa dán ẹ wò, wọ́n á yọ orúkọ ẹ kúrò, wàá sì kó ẹrù ẹ lọ sílé bí ẹni tí kò wá rí. Ìyá mi ti ń sọ fáwọn aládùúgbò pé mò ń tún tọ́ọ̀ṣì ṣe níbi iṣẹ́ ìjọba kan. Mo ti ṣàlàyé títí, ó sú mi.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún un nìyí. Mo ní, màámi, ẹ mú dúdú inú pẹ́ńsù, kí ẹ máa fi sẹ́lótéèpù ṣí i ní awẹ́ ní awẹ́, títí á fi ku ẹyọ awẹ́ kan tí sísanra rẹ̀ kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Inú awẹ́ yẹn làwọn ẹlẹ́kítírọ́nù ti ń rìn gbéregbère, kálukú ń bá tiẹ̀ lọ. A ó wá tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí wọn, ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ pé kíá tó dé náà ló ti lọ, débi pé mọ̀nàmọ́ná gan-an á dà bí arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó pín ìmọ́lẹ̀ náà sí méjì, ọ̀kan á gba ọ̀nà tiẹ̀, ìkejì á gba ọ̀nà tiẹ̀, wọ́n á sì tún pàdé lórí awẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá ṣe pàdé ló máa sọ bóyá apá òsì làwọn ẹlẹ́kítírọ́nù máa ya sí tàbí apá ọ̀tún. Tí mo bá fa jígí kan sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, tí kò tó ìdá ọgọ́rùn-ún sísanra irun orí, wọ́n á yí padà. Wáyà góòlù méjì wà létí awẹ́ náà tó ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún kọ̀ǹpútà. Ìyá mi rò ó títí, ó ní, tí wọ́n bá dé apá òsì ọ̀hún, ta ni wọ́n ń lọ kí níbẹ̀?

Ọ̀gá mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Chiu, obìnrin tó kàwé lókè òkun, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ti rí àwọn tó máa dán mi wò kó jọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Munakata láti Sendai ní Japan. Bàbá yìí kọ̀wé pé kóun tó jókòó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn ẹlẹ́kítírọ́nù náà kí wọ́n máa yà sósì, kí wọ́n máa yà sọ́tùn-ún. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló máa wá wò ó ní lábù, ní ọ̀sán ni ìdánwò.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá wọlé wá yẹ lábù wò. Àpótí dúdú kan wà lórí tábìlì wa tí a fi bo ọ̀nà méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Àpótí náà ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò tó fẹ̀ tó ẹnu abọ́ ọbẹ̀, tí wọ́n ti gé kí n tó dé láti fi ki wáyà wọlé. Ẹnu ihò yẹn ni Gbọ́ràn-Gbọ́ràn wa máa ń jókòó sí, tó kọjú sínú. Gbogbo wa gbà pé torí kó lè máa rí ẹ̀rọ dáadáa ni. Ọ̀gá nawọ́ sí i.

Ó ní, "Shao-ling, ẹ gbé jẹun-jẹun yẹn kúrò. Ọkùnrin yẹn ò gbọdọ̀ bá ìpápánu lórí tábìlì mi. Onímọ̀ físíìsì ni wá."

Po-kai, àbúrò wa ní lábù tó ń bójú tó lésà, ya ẹnu pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbé báàgì náà, mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ní ó ti parí.

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan gbogbo ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa jígí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ó yẹ kí ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀ bí ìgbì omi, òkè fún òsì, ìsàlẹ̀ fún ọ̀tún. Ìlà náà nà gbalaja. Mo fa jígí síwájú, mo fà á sẹ́yìn, kò mira. Nígbà míì á ṣàdédé ta sókè bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, á já lulẹ̀, á tún sùn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní ó kú pátápátá ni, mi ò bá sin ín kí n wá nǹkan míì ṣe.

A wo lésà, kò sí nǹkan tó ṣe é. A gbé awẹ́ wa sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó wà bó ṣe wà. Wáyà góòlù ò já, jígí ò yẹ̀. A tú gbogbo rẹ̀, a tún un tò, Po-kai sì nu àwọn jígí títí ọwọ́ fi ń ro ó. Tí o bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kò ṣiṣẹ́. Tí o bá dà wọ́n pọ̀, òfo. Ojú mi dàrú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èmi tí mo mọ̀ pé kò létí.

Nígbà tó yá, Po-kai rọra sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ ká dá a padà." Mo bú u. Mo bi í bóyá ilé ìwé tàbí ibi ìsìn ni ìyá rẹ̀ rán an wá. Ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde lọ ra bífún, ìyẹn núdù ìrẹsì, tí a máa jẹ lọ́sàn-án, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú báàgì náà. Orí lésà ni mo gbé e lé, torí lésà ni olórí gbogbo wọn, ẹni tí èèyàn bá sì fẹ́ bẹ̀, ọ̀dọ̀ olórí ló ń lọ. Mo tẹrí ba díẹ̀. Bí mo ṣe yíjú padà, Po-kai ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn tòun ti bífún lọ́wọ́, tó ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ìlà ò mira. Po-kai yẹ ọjọ́ ara báàgì wò, ó ku oṣù tó pọ̀. Ó ní bóyá ó ti bínú pé a tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀. Ó sáré lọ ra tuntun, a gbé ìyẹn náà síbẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí inú mi dùn pé ìpápánu kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ mi fún mi. Àmọ́ tí kì í bá ṣe ìpápánu, kí ló wá dé? Kí ló yí padà láàárín ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?

Ọ̀gá wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó wo ìlà náà, ó wò mí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Shao-ling, ohun tí a rí lọ́dún tó kọjá, ṣé ó dá ẹ lójú pé òótọ́ ni?"

Mo ní mi ò mọ̀ mọ́, mà. Lẹ́yìn ọdún méje, ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Rú, mo pe Ẹ̀gbọ́n Tai-yuan lórí fóònù. Òun ló to tábìlì wa kó tó gboyè, ó sì ti wà ní ilé iṣẹ́ kan báyìí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, níbi tí owó wà. Ó ń jẹun bí mo ṣe ń rojọ́, mò ń gbọ́ ọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, pé ibo la gbé Gbọ́ràn-Gbọ́ràn sí. Mo ní orí lésà.

Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e síbẹ̀? Ibi tí mo gbé e sí ni kí o dá a padà sí."

Mo bi í kí nìdí. Ó ní kò sí ìdí. Ó ní ó rẹ òun lọ́jọ́ kan, òun kàn ki í sẹ́nu ihò yẹn, nǹkan ṣiṣẹ́, òun ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní nǹkan tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í bi í léèrè. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí mi ò lè sọ níbí, mo pa fóònù. Mo mú báàgì àkọ́kọ́ lórí lésà, mo ki í bọ ẹnu ihò.

Ìlà náà jí. Ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Po-kai pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́.

Torí pé ẹ rò ó wò. Tí ó bá wà lórí lésà tí kò ṣiṣẹ́, tó wà lẹ́nu ihò tó wá ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà mọ́ nìyẹn, ara báàgì yẹn gan-an ló ń ṣe nǹkan kan nínú àpótí. Báàgì náà sì ń dán, ó ń kọ mọ̀nà bí abọ́ tuntun. Ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń ṣáko nínú àpótí lè lọ kọlù ú, kó ta padà sórí wáyà góòlù, kí wáyà gbóná, kí iná kékeré máa ṣàn níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyàtọ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹlẹ́kítírọ́nù kankan tó gbọ́ tèmi rí. Báàgì ìpápánu ló ń tànmọ́lẹ̀ sí wáyà, tí èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ́ ọ̀gá wọn.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá. Ó wá ní kí a pa lésà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí àlejò á fi dé. Ó ní tí ọ̀la bá bọ́, a ò lè kó àwọn tó máa dán mi wò jọ mọ́ kí oṣù keje tó parí, kí n fi ohun tó wà hàn bàbá náà, lẹ́yìn ìdánwò a ó wádìí rẹ̀. Mo ní ó dáa, mà. Nígbà tí mo délé, ìyá mi gbé ọbẹ̀ ẹran gígún tí wọ́n ṣù roboto kalẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù, mo kàn ń fi ṣíbí rò ó. Ó bi mí bóyá tọ́ọ̀ṣì náà ò tàn ni. Mo ní ó ń tàn, mi ò kàn mọ ohun tó ń tàn sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, atẹ́gùn ìlú wa jà lójú pópó débi pé agbòjò Ọ̀jọ̀gbọ́n Munakata yí padà sókè kó tó wọlé. Bàbá kúkurú, onírun funfun, onísùúrù. Ó fọwọ́ méjèèjì fún Ọ̀gá ní páálí àkàrà dídùn kan tí wọ́n fi bébà dáradára wé, ó tẹrí ba, gbogbo wa tẹrí ba. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Mo tan lésà. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ó ní kí n yí wọn sósì. Mo fa jígí, wọ́n yà sósì. Ó ní ọ̀tún ńkọ́? Wọ́n yà sọ́tùn-ún. Bàbá náà rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n gbé gun ẹṣin. Ó ní láti ìgbà tóun ti wà lọ́dọ̀ọ́ làwọn ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé èyí lè ṣeé ṣe, òun ò mọ̀ pé ojú òun á tó o. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́. Ká ní ó le mọ́ mi ni, mi ò bá panu mọ́, kí n gboyè mi, kí n lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń yọ̀ báyẹn, tí mi ò sì mọ̀ bóyá ìpápánu ló ń dá a lára yá.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò tíì yé mi."

Ọ̀gá wò mí. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sẹ́nu ihò, mo yọ Gbọ́ràn-Gbọ́ràn, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá náà kó lè yẹ ara rẹ̀ tó ń dán wò. Ìlà náà kú lójú gbogbo wa. Mo rojọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, bó ṣe wà tí báàgì bá wà níbẹ̀, bó ṣe rí tí kò bá sí níbẹ̀, àti ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo ní nǹkan tí kò dán rárá ni mo ń wá, tó lè dúró sẹ́nu ihò yẹn. Tí ìlà bá kọ̀ tí kò jí, a jẹ́ pé dídán báàgì ni, irọ́ sì ni iṣẹ́ mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ìwé mi ló wà lórí tábìlì níbẹ̀, ìwé oyè mi, èyí tí wọ́n di léèpo aṣọ dúdú kirikiri, tí wọ́n máa yẹ̀ wò lọ́sàn-án. Kò dán, kò kọ. Mo gbé e, mo ki í bọ ihò náà. Ó há pinpin.

A dúró. Ìlà náà rìn lọ gbalaja díẹ̀, ó wá gbé orí sókè, ó gòkè ju bó ṣe gòkè rí láti ọjọ́ tí mo ti dé lábù yẹn.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀yìn ọwọ́ mi tutù. Láti ìgbà tí mo ti na ọwọ́ sẹ́nu ihò ni nǹkan ti ń fẹ́ sí i. Mo gbójú sókè. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lókè orí wa gan-an, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sẹ́nu ihò yẹn tààrà. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Èmi ọmọ Hsinchu, tí gbogbo ayé ń pè ní ìlú atẹ́gùn, tí atẹ́gùn ti gba agbòjò lọ́wọ́ mi tí mi ò lè kà á, mi ò ronú kan atẹ́gùn. Ó ń wọnú àpótí, ó ń da ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ rú, ìkan á yára dé, á tún pẹ́ dé, àwọn méjèèjì ò pàdé bó ṣe yẹ mọ́, àfi tí nǹkan bá dí ihò náà. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́nù wọ̀nyẹn ò ṣàìgbọràn rí. Ìmọ́lẹ̀ ní kí wọ́n yà sósì, wọ́n yà. Kó tó tó ìṣẹ́jú, ó ní ọ̀tún ni, wọ́n yà, títí gbogbo lílọ bíbọ̀ wọn fi di òfo. Àwa la ò mọ ohun tí a ń sọ fún wọn.

Mo ń ṣàlàyé èyí lọ, ara mi ti fúyẹ́, nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan ya ràà lẹ́yìn mi. Bàbá Munakata ti ṣí báàgì. Ẹni tó gbé àkàrà wá, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan fún padà, kí ni kó rò ju pé ẹ̀bùn tiẹ̀ ni? Ó ti mú ẹyọ kan dání.

"Ẹ má jẹ ẹ́ o!"

Gbogbo wa yíjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Chiu ló pariwo yẹn. Ó ti dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, bàbá náà ti ń rún un. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra bèèrè bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa ń wò, tó fi mọ́ Ọ̀gá. Ìlà náà ń jó lọ ní tiẹ̀.

Lọ́sàn-án, mo wọ yàrá ìdánwò lọ́wọ́ òfo. Mo ní kí n lọ yọ ìwé mi, Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀jọ̀gbọ́n Munakata ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní báwo ló ṣe dá mi lójú pé kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára nǹkan kan ni mo ń kà sí ẹlẹ́kítírọ́nù.

Mo ní, "Sà, nǹkan tí ì bá ta á padà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ya á, ẹ sì jẹ ohun inú rẹ̀ tán. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́nù ò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró."

Wọ́n ní kí n bọ́ síta kí wọ́n gbìmọ̀. Ara ògiri ni mo fẹ̀yìn tì, tí mò ń wo àwọn igi tí atẹ́gùn ń fì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gá ló jáde. Báàgì aláwọ̀ ewé tí Po-kai rà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló mú lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé Peng, lọ bá mi gbé e sórí lésà. Mo ti wo ọjọ́ ara rẹ̀."